Elégédé Tí A Kì Í Nàka Sí

Ẹ̀gbọ́n mi, mo rí màmá wa tó ti lọ sọ́run lójú àlá. Inú oko ẹ̀fọ́ wọn lẹ́yìnkùlé la wà, à ń ká ilá, ni elégédé kan bá wú títí ó fi ga ju ilé lọ. Màmá pariwo pé, “Ẹ má nàka sí i o, á jẹrà!” Ni gbogbo àdúgbò bá ń fi ìgúnpá júwe ẹ̀, ewúrẹ́ pàápàá ń fi tiẹ̀ júwe. Màmá wá bi mí pé, “Ta ló ń bá mi ro oko yìí? Jẹ́ n dúpẹ́ lọ́wọ́ ẹ̀.” Ẹ̀yin náà kúkú ni, ẹ dúró sáàárín ilá. Mo fẹ́ nàka sí yín, mo rántí elégédé, mo bá yára fi ìgúnpá júwe yín. Ìgúnpá gbá ògiri, ni mo bá jí.