Ojú Karùn-ún Lára Ògiri

Ẹni tó bá ní ọkùnrin kì í jowú, kó wá wo Gàfárù, ọmọ Ìlobù tó ń ta páànù àti ìṣó lẹ́bàá títì. Bí ìyàwó rẹ̀ bá rẹ́rìn-ín sí ọmọkùnrin tó wá ka mítà iná, oúnjẹ alẹ́ á korò lẹ́nu rẹ̀. Ṣùgbọ́n èyí tí mo fẹ́ sọ yìí ju ti ẹni tó ń ka iná lọ, nítorí igi ni Gàfárù bá jowú. Igi gbígbẹ, tí kò lè sọ̀rọ̀, tí kò lè rìn.

Ilé rẹ̀ dára, n kò ní purọ́ mọ́ ọn. Azeezat ìyàwó rẹ̀, ọmọ Ìfọ́n, ló sọ ọ́ dilé. Obìnrin náà fẹ́ràn ojú onígi, àwọn ojú tí wọ́n ń gbẹ́, tí wọ́n ń kùn lọ́dà, tí àwọn àlejò máa ń rà ní Òṣogbo. Kì í ṣe ti eégún, kì í ṣe ti òrìṣà, ẹ̀ṣọ́ ògiri lásán ni. Ó ti ra mẹ́rin: ọ̀kan pupa, ọ̀kan la ẹnu sílẹ̀ bí ẹni tó sùn gbàgbé, ọ̀kan wé gèlè, ọ̀kan sì di ojú pinpin. Gàfárù fúnra rẹ̀ ló mú ìṣó wá láti ṣọ́ọ̀bù, òun náà ló gun àga kàn án. Bí àlejò bá dé, á ní, "Ẹ wo pálọ̀ wa. Ìyá Malikah ló ṣe é. Kò sírú ẹ̀ ní gbogbo àdúgbò yìí." Malikah ni ọmọ wọn obìnrin, tó ṣẹ̀ṣẹ̀ ń kọ́ ọ̀rọ̀ sọ.

Nígbà tí Iléyá kọjá díẹ̀, Azeezat lọ kí àwọn ará ilé rẹ̀ ní Ìfọ́n. Ó gbé karùn-ún bọ̀, ó fi ìborùn wé e bí ẹni gbé ọmọ tuntun. Ó tú u sórí tábìlì, ó sì dúró, ó ń wo ojú ọkọ rẹ̀.

Eléyìí kò ní ọ̀dà kankan. Igi ọmọ̀ ni, wọ́n ti fi òrí pa á títí ó fi ń dán. Ojú àgbàlagbà ni, ẹ̀rẹ̀kẹ́ rẹ̀ ti wọnú díẹ̀, ó sì kọ pélé, ilà mẹ́ta ní òòró lẹ́rẹ̀kẹ́ kan, mẹ́ta lẹ́rẹ̀kẹ́ kejì. Ọ̀kan nínú àwọn ilà náà kò tọ́. Ó bẹ̀rẹ̀ dáadáa bíi ti àwọn yòókù, àfi bó ṣe ṣàdédé yà bàrá sọ́nà etí.

"Ta ló gbẹ́ eléyìí?" Gàfárù bi í.

"Ọlátúnbọ̀sún ni."

Àyà Gàfárù já. Kò sì yẹ kó ya ẹnikẹ́ni lẹ́nu. Ọlátúnbọ̀sún agbẹ́gilére yìí ló kọ́kọ́ fẹ́ fi Azeezat ṣaya. Ọ̀rọ̀ wọn ti dójú ẹ̀ kí bàbá Azeezat tó ní òun kò lè fọmọ fún ẹni tó ń gbẹ́ ère. Ìgbà náà ni Gàfárù onípáànù dé. Gbogbo ìyẹn ti pẹ́, Ọlátúnbọ̀sún náà ti láya, ó ti bímọ, ṣùgbọ́n owú kì í gbọ́ pé ó ti pẹ́. Ohun tí Gàfárù sì rántí jù nípa ọkùnrin náà ni pé pélé ló kọ. Láàárín àwọn ẹgbẹ́ wọn tí ẹ̀rẹ̀kẹ́ wọn mọ́ bọ̀rọ́, òun nìkan ni ìyá rẹ̀ àgbà gbé lọ sọ́dọ̀ olóòlà.

"Ó ti gbẹ́ ojú ara ẹ̀," Gàfárù wí nínú ara rẹ̀. "Ó gbẹ́ ojú ara ẹ̀ ránṣẹ́ síyàwó mi, kó lè máa wò mí nínú ilé mi."

Pé ojú àgbàlagbà ni ojú igi náà kò dí i lọ́wọ́. Ó ní ọgbọ́n ẹ̀tàn ni, kí ọ̀rọ̀ má baà hàn. Ó tún wá rántí pé kò tí ì pẹ́ tí òun gbọ́ ohùn Azeezat lórí fóònù lẹ́yìnkùlé, tó ń sọ pé, "Ẹ rí i pé ó jọ ọ́ dáadáa o. Ojú yẹn gan-an ni mo fẹ́ kó máa wà nílé wa." Ọ̀rọ̀ náà kò yé e nígbà yẹn. Ó wá yé e wàyí, ó yé e kọjá bó ṣe yẹ.

Láti ọjọ́ náà ni Gàfárù kò ti jẹun ní pálọ̀ mọ́. Á gbé àwo ẹ̀bà rẹ̀ jáde sí ọ̀dẹ̀dẹ̀, á ní ooru ń mú òun. Bó bá fẹ́ wo bọ́ọ̀lù lórí tẹlifísọ̀n, á kọ́kọ́ fi fìlà bo ojú igi náà, kó má baà bá òun wò ó. Láàárọ̀, kó tó lọ sí ṣọ́ọ̀bù, á yí i kọjú sí ògiri. Bó bá fi máa dé, ojú náà á ti kọjú síta padà, á máa dán gbinrin, nítorí Azeezat á tún ti fi òrí pa á. Òrí yìí dun Gàfárù ju gbogbo rẹ̀ lọ. Ẹsẹ̀ rẹ̀ ti sán láti ìgbà ọyẹ́, kò sẹ́ni tó fi òrí pa á.

Ní ṣọ́ọ̀bù, ilà tó yà yẹn ló ń fi tu ara rẹ̀ nínú. Ẹni tó wá ra ìṣó kò ní mọ nǹkan kan, Gàfárù á ti bẹ̀rẹ̀: "Irú agbẹ́gilére wo nìyẹn? Ọ̀bẹ yẹ̀ ẹ́ lọ́wọ́, kò lè tún un ṣe, ó wá gbé e fún obìnrin kó lọ gbé e kọ́. Ṣé iṣẹ́ nìyẹn?" Oníbàárà á ní kì í ṣe iṣẹ́ o, á gba ìṣó rẹ̀, á máa lọ.

Nígbà tí kò lè gbé e mọ́ra mọ́, ó fi ẹ̀sìn bojú. Ó ní kí Azeezat yọ ojú náà kúrò, pé màláíkà kì í wọ ilé tí ère bá wà.

"Àwọn mẹ́rin tí ẹ fọwọ́ ara yín kàn ńkọ́?" Azeezat dáhùn. "Àbí màláíkà ò rí àwọn yẹn ni?"

"Karùn-ún ni mo ní kí o yọ!"

Azeezat yíjú sí ojú igi náà. Ó wá rọra sọ pé, "Bàbá Malikah, ẹ jọ̀ọ́, ẹ sún mọ́ ọn, kí ẹ wò ó dáadáa. Ṣé ẹ ò dá a mọ̀ ni?"

"Mo dá a mọ̀!" Gàfárù pariwo. "Ọjọ́ tí o gbé e wọlé ni mo ti dá a mọ̀! Ojú ẹ̀ ni n ò fẹ́ rí nílé mi!"

Omi lé sójú Azeezat. Ó gbé Malikah, ó sì wọ yàrá lọ. Ẹkún náà ni Gàfárù kà sí ẹ̀rí. Ó ní bí kò bá sí nǹkan láàárín wọn, kí ló ń pa á lẹ́kún?

Nílé tiwọn, ọkọ tó bá ní ẹjọ́ pẹ̀lú ìyàwó rẹ̀ kì í gbé e lọ sọ́dọ̀ ọ̀rẹ́. Iwájú ìyá rẹ̀ ni wọ́n ti máa ń rò ó, ohun tí ìyá bá sì sọ labẹ́ gé. Gàfárù yọ ojú igi náà lára ìṣó, ó jù ú sínú àpò sìmẹ́ǹtì, ó gbé e sẹ́yìn ilẹ̀kùn. Ó wá ránṣẹ́ sí ìyá rẹ̀, Mọ́ríátù, ní Ẹ̀rìn-Ọ̀ṣun. Ìyá náà ti dàgbà, ṣùgbọ́n ó ṣì ń wọ mọ́tò lọ tajà ní Òṣogbo. Lọ́jọ́ Àìkú, ó dé, ó fi ìborùn bo orí àti ẹ̀rẹ̀kẹ́ nítorí eruku ọ̀nà. Azeezat kúnlẹ̀ kí i, Gàfárù dọ̀bálẹ̀. Kò tilẹ̀ jẹ́ kí ìyá rẹ̀ mu omi tán.

"Màámi, ẹ bá mi wo ìyàwó yín. Ojú ọkùnrin mìíràn ló gbé kọ́ sára ògiri mi."

"Ojú ọkùnrin?"

"Ojú burúkú, Màámi! Ẹ̀rẹ̀kẹ́ bí àpò tí wọ́n ti da gààrí inú ẹ̀ nù. Imú ràgàjì. Bí mo bá jí tí mo rí i, ọjọ́ náà ti bàjẹ́ nìyẹn."

"Bàbá Malikah, ẹ jọ̀ọ́," Azeezat wí. Ó ti tún kúnlẹ̀. "Ó tó. Ẹ má sọ ọ́ mọ́."

"Ẹ ò gbọ́ ọ, Màámi? Ó ń gbèjà ẹ̀! Ilà gan-an, ṣe ni wọ́n kọ ọ́ wọ́gọwọ̀gọ. Ọ̀bẹ yẹ̀ lọ́wọ́ ẹni tó kọ ọ́. Ẹni tó bá lójú bẹ́ẹ̀, èmi ò lè jẹ́ kó bá mi jókòó ti oúnjẹ."

"Mo bẹ̀ yín lórúkọ Ọlọ́run," Azeezat wí.

"Gbé ojú náà wá kí n rí i," ni ìyá rẹ̀ sọ.

Gàfárù yọ ọ́ nínú àpò sìmẹ́ǹtì, ó fi ìka méjì mú un bí ẹni mú òkú eku, ó gbé e lé ìyá rẹ̀ lẹ́sẹ̀. Ìyá náà nu eruku sìmẹ́ǹtì kúrò lára rẹ̀. Ó wò ó títí. Ó wá fi àtàǹpàkò sórí ilà tó yà náà, ó tọ̀ ọ́ lọ láti òkè títí dé ibi tó parí sí nítòsí etí. Lẹ́yìn náà, ó ká ìborùn kúrò lójú, ó gbé àtàǹpàkò kan náà lé ẹ̀rẹ̀kẹ́ ara rẹ̀, ó sì tọ ọ̀nà kan náà.

"O ní ọ̀bẹ yẹ̀ lọ́wọ́ ẹni tó kọ ọ́."

Gàfárù ń wo àtàǹpàkò náà.

"Ó yẹ̀ lóòótọ́. Ọwọ́ olóòlà ló ti yẹ̀, nígbà tí mo wà lọ́mọ ọwọ́. Mo ta gìrì, ọ̀bẹ sì gba ibẹ̀ lọ. Bàbá mi fẹ́ẹ̀ lu ọkùnrin náà. Gàfárù, ṣebí ilà yìí lo máa ń fi ìka tọ̀ bí mo bá ń fún ẹ lọ́mú? Bí n ò bá jẹ́ kí o tọ̀ ọ́, o ò ní sùn."

Gàfárù ti dojú bolẹ̀. Kì í ṣe ìdọ̀bálẹ̀ ìkíni. Ó fi iwájú orí kan ilẹ̀, ó ń pe, "Màámi, Màámi."

Ìyá rẹ̀ kò wò ó. Azeezat ló kọjú sí. "Ta ló ní kí o ṣe é, ìyàwó mi?"

"Ẹ̀yin ni, Ìyá. Nígbà Iléyá, ẹ ní kò sẹ́ni tó ń kọlà mọ́, pé bí ẹ bá ti lọ, ilà yín ti lọ nìyẹn. Ó dùn mí. Mo ya yín ní fọ́tò, mo fi ránṣẹ́ sí Ọlátúnbọ̀sún."

"Kí ló dé tí o ò sọ fún ọkọ ẹ?"

"Mo fẹ́ kí wọ́n fúnra wọn dá a mọ̀ ni. Mo rò pé bí wọ́n bá ti rí i báyìí, wọ́n á pariwo orúkọ yín. Nígbà tí wọn ò pè yín, inú bẹ̀rẹ̀ sí í bí mi. Mo ní kí n máa wo ọjọ́ tí wọ́n máa rí i."

Ìyá náà dìde. Ó fi ìborùn rẹ̀ wé ojú igi náà, ó gbé e sí abẹ́ apá. Gàfárù di etí aṣọ rẹ̀ mú, ó ń bẹ̀ ẹ́ pé kó jọ̀ọ́, kó fi sílẹ̀, pé òun máa kàn án padà báyìí báyìí.

"Màá gbé e lọ sí Ẹ̀rìn," ni ìyá rẹ̀ wí. "Wọ́n mọ̀ mí níbẹ̀."

Ohun tí Gàfárù fẹ́ náà ló wá rí gbà yẹn. Ojú náà ti kúrò nílé rẹ̀. Ìṣó nìkan ló kù lára ògiri, láàárín àwọn mẹ́rin yòókù, Azeezat kò sì fi nǹkan kan kọ́ ọ. Gàfárù padà sí ìdí oúnjẹ rẹ̀ ní pálọ̀, ìṣó náà ló sì ń wò títí oúnjẹ fi ń tutù.

Ẹ má sì rò pé owú náà kú o. Ó kàn ṣí ibùjókòó ni. Ó wá ń jowú Azeezat, tó wo ojú ìyá òun dáadáa ju òun ọmọ bíbí inú rẹ̀ lọ. Ó ń jowú bí obìnrin méjèèjì ṣe ń rẹ́rìn-ín lórí fóònù, tí wọ́n á sì dákẹ́ bí òun bá wọlé. Ní ti Ọlátúnbọ̀sún, ẹ má tilẹ̀ bi mí. Ọkùnrin tí kò bá ìyá òun jẹun rí, tó fi fọ́tò lásán mọ ojú rẹ̀!

Nígbà tó yá, ó bẹ Azeezat pé kó jọ̀ọ́, kó ní kí wọ́n gbẹ́ òmíràn. Azeezat ní, "Ẹ lọ bá a fúnra yín. Ẹ mọ ṣọ́ọ̀bù ẹ̀."

Ó mọ̀ ọ́n. Ó ti kọjá níwájú rẹ̀ ní Ìfọ́n lọ́pọ̀ ìgbà, tí á sì máa wo òdìkejì títì. Lọ́jọ́ tó lọ, Ọlátúnbọ̀sún jókòó sábẹ́ àtíbàbà, èérún igi bo ẹsẹ̀ rẹ̀. Bó ṣe rí Gàfárù, ó dìde, ó nu ọwọ́, ó gbé àga fún un, ó ní kí wọ́n bu omi wá. Gàfárù jí ojú rẹ̀ wò. Pélé rẹ̀ tọ́, gbogbo rẹ̀. Ojú náà kò jọ ojú igi yẹn níbi kankan.

Gàfárù sọ ohun tó bá wá, ó dorí kodò bó ṣe ń sọ ọ́.

"Ti Ìyá yín yẹn?" Inú Ọlátúnbọ̀sún dùn. "Iṣẹ́ yẹn wù mí ṣe. Fóònù tí fọ́tò wọn wà nínú ẹ̀ ti bọ́ sómi, ṣùgbọ́n kò burú, ẹ̀yin ọmọ wọn lẹ jókòó yìí." Ó fa igi ọmọ̀ kan jáde, ó mú ṣọ́ọ̀kì, ó ya ojú, ó ya imú, ó ya ẹnu. Ó wá dúró. "Ilà tó yà yẹn, ẹ̀rẹ̀kẹ́ ọ̀tún ni, àbí ti òsì?"

Gàfárù la ẹnu. Ó gbé ọwọ́ kan ẹ̀rẹ̀kẹ́ ara rẹ̀ ọ̀tún, ó gbé e kúrò, ó kan ti òsì. Ó rántí àtàǹpàkò ìyá rẹ̀, ó rántí bó ṣe ń rìn lọ sọ́nà etí, ṣùgbọ́n etí wo? Ó lè pe Azeezat, ìyẹn á sì dá a lóhùn lójú ẹsẹ̀. Ìyẹn gan-an ni kò jẹ́ kó lè pè é. Ọlátúnbọ̀sún ń dúró, ṣọ́ọ̀kì wà lọ́wọ́ rẹ̀, kò fi ṣe yẹ̀yẹ́. Ì bá sàn fún Gàfárù ká ní ó fi ṣe yẹ̀yẹ́.

"Ẹ jọ̀ọ́, mò ń bọ̀," ni Gàfárù wí, ó sì bọ́ sí títì, ó na ọwọ́ sí ọlọ́kadà.

"Ìlobù ni, àbí?" ọlọ́kadà bi í.

"Rárá," ó ní. "Ẹ̀rìn ni. Mo fẹ́ lọ wo ojú ìyá mi."