Aṣọ Pupa Lẹ́nu Àgọ́

Ìwọ tí o ń ka èyí, mo bẹ̀ ọ́. Bí o bá jẹ́ ọ̀kan nínú àwọn tó ń wọ bọ́ọ̀sì òṣìṣẹ́ nílé-iṣẹ́ tí ọkọ mi ti ń ṣe dírẹ́bà, dúró níbí. Má kà á lọ. Bí o bá sì kà á, má bi ọkọ mi ní nǹkan kan. Òun kọ́ ló sọ ọ́. Èmi ni. Ẹ̀rù sì ń ba èmi náà, torí bí mo ṣe jókòó yìí, mo ti dìde lọ wo ẹnu ọ̀nà, mo tún ti padà.

Télọ̀ ni mí. Ìwé tí mo kà ò pọ̀. Ṣùgbọ́n ẹni tó bá ń fi abẹ́rẹ́ jẹun, ojú ló fi ń ṣiṣẹ́. Ojú yìí ni mo fi rí i pé nǹkan kan ń ṣe ọkọ mi, kí ẹnikẹ́ni tó rí i.

Jẹ́jẹ́ ni wọ́n ń pè é níbi iṣẹ́, nítorí bó ṣe ń wakọ̀. Wọ́n ní bí o bá gbé ife tíì lé itan nínú bọ́ọ̀sì rẹ̀, kò ní dànù. Jẹ́jẹ́ yìí kan náà ló wa bọ́ọ̀sì kọjá ẹnu géètì ilé-iṣẹ́ láàárọ̀ ọjọ́ kan. Ó ń lọ, ó ń lọ, títí àwọn òṣìṣẹ́ fi bẹ̀rẹ̀ sí í pariwo. Wọ́n rò pé ó ń bá wọn ṣeré ni. Òun náà rẹ́rìn-ín, ó ní òun fẹ́ mọ ẹni tó ṣì ń sùn. Ṣùgbọ́n nígbà tó délé, kò rẹ́rìn-ín. Ó jókòó sétí ibùsùn, ó ní, "Géètì yẹn, ṣé wọ́n ti gbé e kúrò níbẹ̀ ni?"

Mo ní ó ṣì wà níbẹ̀.

Ó wá di pé nínú ilé wa náà, á dúró ní kọ́rídọ̀, á máa wo ilẹ̀kùn kan, á wo èkejì. Mo wá dá ọgbọ́n kan. Ibi tí mo bá wà, mo máa ń wúkọ́. Á gbọ́, á tẹ̀ lé ikọ́ náà dé ọ̀dọ̀ mi. A ò bá ara wa sọ ọ́ rí. Èmi ń wúkọ́, òun ń bọ̀.

Bó ṣe wà nìyẹn tí àbúrò rẹ̀ fi wọlé tọ̀ wá lọ́jọ́ kan, tó ń yọ̀ ṣìnkìn. Mẹkáníìkì ni, ilé-iṣẹ́ kan náà ni wọ́n wà. Ọkọ mi kékeré ni mo ń pè é.

"Ẹ̀gbọ́n, ó ti bọ́ sí i! Bọ́ọ̀sì tuntun tí yóò máa kó òṣìṣẹ́ lọ sórí òkè, ẹ̀yin ni wọ́n máa gbé e fún lọ́jọ́ Ajé. Èmi ni mo lọ bá ọ̀gá. Mo ní kò sí ọwọ́ tó dájú bí ọwọ́ ẹ̀gbọ́n mi."

Ó ní ká kọ́kọ́ lọ sinmi ná. Ibùdó àgọ́ kan wà lórí òkè yẹn kan náà, nínú igbó, létí adágún. Ká lọ pàgọ́ síbẹ̀, àwa méjèèjì, òun, ìyàwó rẹ̀ àti àwọn ọmọbìnrin wọn. Inú ọkọ mi dùn. Mo ní inú èmi náà dùn.

Gbọ́ mi yé o. Bí mo bá sọ̀rọ̀, ọkọ mi á bọ́ lẹ́nu iṣẹ́ kan ṣoṣo tó mọ̀ ọ́n ṣe, ojú á sì ti àbúrò tó gbẹnu sọ fún un. Bí mo bá dákẹ́, á kó ọmọ ọlọ́mọ gun òkè. Adìẹ bà lókùn, ara ò rọ okùn, ara ò rọ adìẹ. Èmi ni okùn, èmi náà ni adìẹ.

Ọkọ mi kékeré ló wakọ̀ gòkè. Ọ̀nà yẹn ń lọ́ bí ìfun. Òkúta lápá kan, ọ̀gbun lápá kejì. Gbogbo ibi tó bá ti yí ni mo ń wo ojú ọkọ mi, ojú rẹ̀ sì tutù, ó ń wo igi.

Nígbà tí a débẹ̀, adágún náà tẹ́jú sáàárín igbó bíi dígí. Omi dúdú, kò mì rárá. Gbogbo wọn ń ní, "Ó mà rẹwà o!" Ohun tí èmi rí ni pé kò sí ọgbà létí rẹ̀. Igi lọ́tùn-ún, igi lósì, gbogbo wọn ga, gbogbo wọn jọra. Àwọn àgọ́ tí ibùdó ń fún àlejò lò náà sì jọra. Àwọ̀ ewé kan náà, síìpù kan náà, wọ́n tò wọ́n lọ bí ọmọ ayò.

Mi ò tíì tú ẹrù tí mo fi wá àpò ìránṣọ mi. Aṣọ pupa kan wà níbẹ̀ tó ṣẹ́ kù lára kọ́tìnì oníbàárà mi kan. Mo gé e tẹ́ẹ́rẹ́, mo rán an mọ́ ẹnu àgọ́ wa, lókè síìpù.

"Kí nìyẹn?" ọkọ mi bi mí.

"Kí n má baà ṣì wọ ilé onílé."

Ó wò mí. "Ìwọ tí o ń fi òwú bọ ojú abẹ́rẹ́ láìtanná?"

"Ọjọ́ orí ń lọ, Jẹ́jẹ́."

Ó fọwọ́ pa aṣọ náà, ó ní aṣọ gidi ni.

Ó sì ṣiṣẹ́. Á gbé korobá, á lọ pọnmi nídìí ẹ̀rọ, á sì gba àárín igi bọ̀. Á gbójú sókè. Bó bá ti rí pupa, ẹsẹ̀ rẹ̀ á yá. Èmi á jókòó sórí bẹ́ǹṣì pákó pẹ̀lú ṣẹ́ẹ̀tì kan lórí itan. Etí ṣẹ́ẹ̀tì yẹn, mo rán an, mo tú u, mo tún un rán. Bí ẹsẹ̀ ọkọ mi bá ti fẹ́ falẹ̀, mo wúkọ́.

Ìṣòro mi ni ìyàwó ọkọ mi kékeré. Onídìrí ni, ẹ̀rín ò sì jìnnà sí ẹnu rẹ̀. Ẹlẹ́rìn-ín ni mo sọ ọ́. Èèyàn dáadáa ni. Oore rẹ̀ ló fẹ́ pa mí.

"Ìyáálé mi, ikọ́ yín yìí o!"

"Eruku ni."

"Eruku wo, létí omi? Ẹ mu tíì."

Ó ha atalẹ̀ sí i, ó da oyin sí i. Mo mu ún. Mo tún wúkọ́, ó tún gbé òmíràn wá. Àwọn ọmọ rẹ̀ wá sọ ọ́ di eré, bí mo bá ti wúkọ́ báyìí, wọn á ké pé, "Mọ́mì, tíì!" Mo mu tíì títí ikùn mi fi ń dún bí ìkòkò omi tí wọ́n ń gbé sáré.

Tíì yẹn ló fa ohun tó ṣẹlẹ̀. Lọ́sàn-án ọjọ́ kejì, a jẹ ìrẹsì tán, ọkọ mi gbé korobá lọ sídìí ẹ̀rọ. Ó yẹ kí n jókòó kí n máa ṣọ́ ọ. Ṣùgbọ́n ìtọ̀ ti gbọ̀n mí, ilé ìgbọ̀nsẹ̀ sì wà ní ìsàlẹ̀ lọ́hùn-ún. Mo ní kó tó pọnmi tán, màá ti dé. Mo sáré.

Ìgbà tí mo padà, mo rò pé ojú mi ń ṣe wìrìwìrì. Pupa. Pupa lẹ́nu àgọ́ wa. Pupa lẹ́nu àgọ́ Ẹlẹ́rìn-ín. Pupa lẹ́nu èyí tó tẹ̀ lé e, àti èyí tó tún tẹ̀ lé e, títí dé ìdí igi ńlá. Bí ẹni pé gbogbo àgọ́ ń yọ ahọ́n sí mi.

Ẹlẹ́rìn-ín dúró láàárín wọn, sísọ́ọ̀sì mi lọ́wọ́ rẹ̀. "Ìyáálé mi, ẹ wò ó! Aṣọ yín yẹn wù mí. Mo ní ẹbí kan náà ni wá, kí tiwa náà ní. Bí àwọn ará ibí ṣe rí i, wọ́n ní àwọn náà ń fẹ́. Mo ti gé e tán o. Ẹ ò ní bínú?"

Mi ò lè bínú.

Ọkọ mi yọ láàárín igi. Ó gbójú sókè. Ó dúró. Ó wo apá ibí, ó wo apá ọ̀hún, omi sì bẹ̀rẹ̀ sí í dà sí i lẹ́sẹ̀. Omi Jẹ́jẹ́ tí kì í dànù! Mo wúkọ́. Mo wú u tagbára tagbára.

"Ẹ ò rí nǹkan!" Ẹlẹ́rìn-ín ké. "Òtútù òkè yìí náà ni. Ẹ gbọ́wọ́ sókè." Kí n tó wí pé rárá, ó ti ń bọ súwẹ́tà ọkọ rẹ̀ sí mi lọ́rùn. Súwẹ́tà náà fún lọ́rùn. Orí mi há sínú ẹ̀. Mò ń wúkọ́ nínú òkùnkùn, inú irun àgùntàn ni ikọ́ náà ń wọ̀ sí.

Ìgbà tí orí mi fi máa jáde, mi ò rí ọkọ mi mọ́. Mo rí korobá rẹ̀ níwájú àgọ́ kan. Kì í ṣe tiwa.

"Ta nìyí? Ta ló ń bọ́ bàtà nílé mi?"

Ọkùnrin sísanra kan fi ìbàdí yọ síta, ó wọ ṣòkòtò péńpé. Onígbàjámọ̀ ni, òun àti ìyàwó rẹ̀ ti kí wa lọ́jọ́ tí a dé. Ọkọ mi jókòó sínú àgọ́ lẹ́yìn rẹ̀, bàtà kan lẹ́sẹ̀, bàtà kan lọ́wọ́.

Ọkọ mi kékeré di ikùn mú. "Ẹ̀gbọ́n! Ṣé irun lẹ wá fá ni?"

Onígbàjámọ̀ ń rẹ́rìn-ín náà. "Ẹ bá mi bi í o! Mo ń sùn jẹ́jẹ́ mi, ó fi ìgbọ̀nwọ́ gún mi, ó ní, 'Télọ̀, sún sọ́hùn-ún.' Ṣé mo jọ ìyàwó rẹ̀ ni?"

"Irùngbọ̀n nìkan ló yà yín," Ẹlẹ́rìn-ín fèsì, gbogbo ibùdó bú sẹ́rìn-ín. Lẹ́yìn náà ó kúnlẹ̀ fún ọkọ mi. "Ẹ má bínú sí mi, Bọ̀dá. Ẹjọ́ mi ni. Èmi ni mo fi aṣọ kan náà sí gbogbo ẹ̀. Ta ni ò ní ṣìnà?"

Bó ṣe kọjá nìyẹn. Kò sẹ́ni tó fura. Aṣọ tó fẹ́ tú wa fó náà ló bò wá. Ó yẹ kí ọkàn mi balẹ̀.

Ṣùgbọ́n ọkọ mi ò rẹ́rìn-ín. Ó mú bàtà rẹ̀ lọ́wọ́, ó ń wo àwọn aṣọ pupa náà lọ́kọ̀ọ̀kan, lẹ́yìn náà ó wo èmi. Ìgbà tí mo bọ́ síwájú ló tó tẹ̀ lé mi wọ àgọ́ wa.

Nígbà tí oòrùn ń lọ sílẹ̀, a jókòó létí adágún. Mo jókòó sí apá ibi tí omi wà, kí òun lè wà lápá ilẹ̀. Kò fọwọ́ kan oúnjẹ.

"Ikọ́ rẹ yẹn," ó ní. "Ó ti pẹ́ tí o ti ń wú u."

"Ó pẹ́ díẹ̀."

"Mi ò gbọ́ ọ lónìí."

"Wọ́n ń wọ súwẹ́tà fún mi ni."

Ó mi orí. Ẹja kan ta lójú omi, mo fò dìde. Òun ò tilẹ̀ mira.

Ilẹ̀ mọ́, a di ẹrù. Àwọn ọmọ ti wà lẹ́yìn mọ́tò, wọ́n ń jà sí ojú fèrèsé. Ọkọ mi kékeré na kọ́kọ́rọ́ síta.

"Ẹ̀gbọ́n, ẹ̀yin lẹ máa wà á sọ̀kalẹ̀. Kí ojú yín mọ ọ̀nà kó tó di ọjọ́ Ajé."

Ọkọ mi gba kọ́kọ́rọ́, ó wọlé, ó jókòó. Ọwọ́ rẹ̀ bọ́ sórí sítíárì bí ọwọ́ ọ̀dọ́mọkùnrin. Ó yí kọ́kọ́rọ́, ẹ́ńjìnnì dáhùn. Èmi dúró sẹ́nu ilẹ̀kùn, mo gbá ẹní mọ́ àyà.

"Ìyàwó wa, ẹ wọlé ká lọ."

"Ọkọ mi kékeré, wà á fúnra rẹ."

"Háà! Ẹ̀yin lẹ ń bẹ̀rù Jẹ́jẹ́? Gbogbo ayé ń sùn nínú ọkọ̀ rẹ̀, ìyàwó ilé rẹ̀ ń sá!"

Ẹlẹ́rìn-ín rẹ́rìn-ín, ó sì wò mí. Mo fẹ́ wúkọ́. Ikọ́ náà ò wá. Ohun tó jáde lẹ́nu mi kò ju èyí lọ: "Àwọn ọmọ wà lẹ́yìn."

Ọkọ mi wo dígí òkè orí rẹ̀. Ó wo àwọn ọmọ náà. Ọ̀kan nínú wọn yọ ahọ́n sí i, ó ń bá a ṣeré. Ó wò wọ́n pẹ́. Lẹ́yìn náà ó pa ẹ́ńjìnnì, ó sọ̀ kalẹ̀, ó fi kọ́kọ́rọ́ sọ́wọ́ àbúrò rẹ̀.

"Wà á."

"Ẹ̀gbọ́n, ṣé torí ọ̀rọ̀ ìyàwó wa ni? Obìnrin ló ń—"

"Mo ní kí o wà á."

Ó yí ká sápá kejì, ó jókòó síwájú. Èmi wọ ẹ̀yìn pẹ̀lú àwọn ọmọ. Ó ki ọwọ́ bọ àpò, ó fa aṣọ pupa kan yọ, ó nà án sí mi láìwẹ̀yìn. Òwú ṣì ń rọ̀ lára rẹ̀.

"Tiwa nìyí," ó ní. "Àwọn tó kù, wọ́n so wọ́n ni. Èyí nìkan ni wọ́n rán."

Ìgbà tí a ń dẹrù ló ti lọ tú u. Òun nìkan lọ. Mi ò wúkọ́.

Ọkọ mi kékeré wakọ̀ lọ. Ọ̀gbun ń lọ lẹ́gbẹ̀ẹ́ wa. Ẹ̀rín ti tán lẹ́nu ìyàwó rẹ̀.

"Ẹ̀gbọ́n," ó ní, ohùn rẹ̀ ti wálẹ̀. "Ọjọ́ Ajé ńkọ́?"

"Kí wọ́n gbé bọ́ọ̀sì náà fún ẹlòmíràn."

"Ọ̀gá á bi mí ìdí rẹ̀."

"Jẹ́ kó bi ọ́."

"Èmi náà ń bi yín." Ojú rẹ̀ bá tèmi pàdé nínú dígí. "Ìyàwó wa, láti ìgbà wo?"

Mo ṣí ẹnu. Ọkọ mi na ọwọ́ sẹ́yìn, ó wá orúnkún mi títí ó fi rí i, ó sì dì í mú. Mo pa ẹnu mi dé.

"Wo iwájú rẹ," ó sọ fún àbúrò rẹ̀. "Ọ̀nà ń yí."

Àbúrò rẹ̀ tún bi í nígbà tí a dé ẹsẹ̀ òkè. Ó tún bi í lẹ́nu ọ̀nà ilé wa, lẹ́yìn tó ti sọ ẹrù kalẹ̀ tán. Ọkọ mi kàn ń wo ilẹ̀kùn.