Eyín Ìgbà Díẹ̀ tí Ìyá Yàn
Eyín iwájú mẹ́ta ti ká lẹ́nu ìyá. Bó bá ń kọrin, atẹ́gùn a máa fọn fèrè. Ọmọ rẹ̀ obìnrin, tó ń kọ́ṣẹ́ ìtọ́jú eyín, fẹ́ ṣe eyín ìgbà díẹ̀ fún un. Dókítà ti sọ fún ọmọ níkọ̀kọ̀ pé àìsàn ìyá kò ní jẹ́ kó lo oṣù kan mọ́.

Ọmọ fi oríṣi ike méjì tí wọ́n fi ń ṣe eyín han ìyá. Ọ̀kan ṣú díẹ̀, àmọ́ ó le, ó ń lo oṣù mẹ́fà. Èkejì funfun bí ẹ̀gbọ̀n òwú, àmọ́ kì í pẹ́ kán. Ó mú èyí tó le, kí ìyá má baà fura.

Ìyá rẹ́rìn-ín sí ọmọ rẹ̀. “Dókítà mi, gbé ìyẹn sílẹ̀. Èyí tó rẹwà ni kó o fún mi. Ta ló bá oṣù mẹ́fà ṣàdéhùn?”

Omijé ọmọ ń ṣàn wọ inú ìbòmú. Ìyá la ẹnu sílẹ̀ dè é.