Fèrè Tí Ẹnikẹ́ni Kò Dá Dúró

Ọmọ ìyá kan náà làwa mẹ́ta nínú ẹgbẹ́ olórin jáàsì kan. Ẹ̀gbọ́n wa ọkùnrin ló ń ta gìtá ńlá olóhùn ìsàlẹ̀, èyí tó ga ju èèyàn lọ. Èmi ni mo ń tẹ dùùrù. Àbúrò wa, tí gbogbo èèyàn ń pè ní Afẹ́fẹ́, ló ń fọn fèrè. Bí Afẹ́fẹ́ bá ti gbé fèrè sẹ́nu, á dijú, kò sì ní mọ̀ bóyá ilẹ̀ ṣú tàbí ilẹ̀ mọ́. Ẹ̀gbọ́n wa ló máa ń ké sí i látẹ̀yìn pé, "Ó tó, àbúrò!" Ìgbà yẹn la ó tó jọ parí orin. Mo máa ń fi Afẹ́fẹ́ ṣe yẹ̀yẹ́ pé àgbàlagbà tí wọ́n ṣì ń pè wálé níbi eré ni.

Lọ́jọ́ tí ilé iṣẹ́ tó ń ṣe àwo orin wá gba orin wa sílẹ̀ lójú èrò, àyà ti ń dun ẹ̀gbọ́n wa láti àárọ̀. Mo ní ká sún un síwájú. Ẹ̀gbọ́n wa ní, "Ẹnu ìwọ ọmọbìnrin yìí ti pọ̀ jù. Lọ jókòó sídìí dùùrù ẹ."

Orin tó kẹ́yìn ni. Afẹ́fẹ́ fọn ún dé ibi tó yẹ kí wọ́n ti ké sí i, kò gbọ́ nǹkan kan. Ó ń bá a lọ. Ó gòkè, ó sọ̀ kalẹ̀, ó tún gòkè, ó ń dúró de ohùn ẹ̀gbọ́n rẹ̀. Èmi tí mo kọ̀yìn sí wọn ń gbọ́ tí gìtá ń rẹlẹ̀, títí tó fi dákẹ́. Fèrè nìkan ló kù. Àwọn èrò fò dìde, wọ́n ń hó yèè, wọ́n rò pé ọgbọ́n orin ni. Ìgbà tí gìtá wó lulẹ̀ ni Afẹ́fẹ́ tó lajú. A ò tíì gbé ẹ̀gbọ́n wa dé ilé ìwòsàn tí ẹ̀mí fi bọ́.

Afẹ́fẹ́ bẹ ilé iṣẹ́ náà kí wọ́n má gbé àwo yẹn jáde. Wọ́n gé ariwo gìtá tó wó kúrò, wọ́n fi àtẹ́wọ́ dí i. Àwo náà sì tà dé ibi tí ẹsẹ̀ wa ò lè dé láé. Kò sí ṣọ́ọ̀bù onígbàjámọ̀ tí wọn kì í ti lù ú. Oníwèé ìròyìn kan tiẹ̀ kọ ọ́ pé ṣe ni onígìtá yà sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan kí ọmọdé lè rọ́nà kọjá. Ká ní mo rí ọ̀gbẹ́ni yẹn ni, ìgbálẹ̀ ni ǹ bá fi lé e.

Afẹ́fẹ́ ò fọwọ́ kan fèrè mọ́. Ohun tó bá ń dun ni ló ń pọ̀ lọ́rọ̀ ẹni: ojoojúmọ́ ló ń sọ fún mi pé bí òun bá lè fọn orin yẹn parí lẹ́ẹ̀kan péré, kí gìtá máa dún lẹ́yìn òun títí dé òpin, bóyá oorun á tún kun òun. Mo ní kó jẹ́ ká gbìyànjú. A wá onígìtá mìíràn, ọ̀dọ́mọkùnrin kan tó mọ ọwọ́ dáadáa, tó tún lẹ́kọ̀ọ́. A fẹnu kò pé èmi ni màá máa ké "Ó tó!"

Ọ̀dọ́mọkùnrin náà sọ fún mi pé, "Ẹ fọkàn balẹ̀, Àǹtí. Mo ti kọ́ ọ látinú àwo, kò yẹ̀ níbì kan."

Inú mi dùn.

Èrò kún gbọ̀ngàn lọ́jọ́ náà. Afẹ́fẹ́ dijú, ó ń fọn ún, ohùn rẹ̀ dùn débi pé omi bọ́ lójú mi. Mo ti ń la ẹnu láti ké sí i nígbà tí gìtá bẹ̀rẹ̀ sí í rẹlẹ̀. Ó ń rẹlẹ̀ bó ṣe rẹlẹ̀ nínú àwo gẹ́lẹ́. Àwọn èrò mọ ibẹ̀ dunjú, wọ́n ti ń dìde. Gìtá dákẹ́.

Afẹ́fẹ́ ju fèrè sílẹ̀. Ó yíjú padà, ó sáré, ó gbá ọ̀dọ́mọkùnrin náà mú lábẹ́ apá méjèèjì, ó ń kígbe pé, "Mo ti dì yín mú, ẹ̀gbọ́n mi! Ẹ ò ní ṣubú!"

Ọmọ ọlọ́mọ ń wò mí, ẹ̀rín ò tíì kúrò lẹ́nu rẹ̀ tán. "Àǹtí," ló wí, "ṣé ibẹ̀ kọ́ ni wọ́n ti dákẹ́ nínú àwo ni?"

Àtẹ́wọ́ ń ró lákọlákọ. Afẹ́fẹ́ ò jẹ́ fi í sílẹ̀.