Pẹ́pẹ́yẹ Olójú Bọ́tìnì

Ẹ̀gbọ́n ọkọ mi obìnrin ló ni ìsọ̀ tí mo ti ń ránṣọ. Ẹ jẹ́ kí n tètè sọ ọ́, kí ẹ lè mọ ìdí tí ọkọ mi fi ń bẹ̀ mí pé kí n panu mọ́. Ẹ̀gbọ́n ò burú. Wọ́n lawọ́, àmọ́ ẹ̀bùn wọn kì í dá wá: wọ́n gbọ́dọ̀ fi ojú ara wọn rí i pé o ń lò ó.

Ajá wa kéré débi pé báàgì tí mo fi ń kó aṣọ oníbàárà gbà á tán. Alágbára là ń pè é, ká lè máa rí nǹkan fi rẹ́rìn-ín. Kò sí bàtà tó bọ́ lọ́wọ́ rẹ̀. Lọ́dún tó kọjá, ó gé rọ́bà kan jẹ, ó gbé èérún rẹ̀ mì, àfìgbà tí dókítà ẹran la ikùn rẹ̀ kí wọ́n tó rí i yọ. Láti ìgbà náà, bí mo bá fẹ́ ra ohun tí yóò máa jẹ lẹ́nu, mo máa ń fi èékánná tẹ̀ ẹ́ wò. Bí kò bá tẹ̀ rárá, ó le jù, yóò kán an léyín. Bí gbogbo rẹ̀ bá lè wọ ẹnu rẹ̀, yóò há a lọ́fun. Bó bá sì ní ohun tó ṣeé já yọ lára, ńṣe ni mo máa ń dá a padà fún ẹni tó ń tà á. Àwọn ọlọ́jà ti mọ̀ mí, wọ́n á ní obìnrin tó ń wọn ẹnu ajá ti dé. Kí wọ́n máa rẹ́rìn-ín lọ. Ìka tó tọ́ sí imú la fi ń ro imú.

Lọ́sàn-án ọjọ́ Àìkú kan, ẹ̀gbọ́n wọlé tàwọn ti pẹ́pẹ́yẹ aláṣọ kan lọ́wọ́. Bí o bá tẹ̀ ẹ́ níkùn, á ké fíìn. Bọ́tìnì méjì ni ojú rẹ̀.

"Ìyàwó, mo rántí Alágbára ọmọ rẹ," wọ́n ní. "Gbé e fún un, jẹ́ kí n wo bó ṣe máa yọ̀."

Mo kúnlẹ̀, mo dúpẹ́ dáadáa. Ṣùgbọ́n ọwọ́ télọ̀ kì í sinmi. Mo yẹ ojú pẹ́pẹ́yẹ náà wò, mo rí i pé òwú ẹyọ kan ni wọ́n fi rán an, wọn ò tilẹ̀ ta á ní kókó. Mo fà á díẹ̀ báyìí, ojú náà já sí mi lọ́wọ́.

"O ba ẹ̀bùn mi jẹ́ lójú mi!"

"Ẹ̀gbọ́n, ẹ má bínú. Bọ́tìnì yìí á há a lọ́fun. Fèrè tó ń ké níkùn rẹ̀ náà ńkọ́? Mi ò lè fún un."

"Ẹni tí a ṣe lóore tí kò dúpẹ́, bí ọlọ́ṣà kóni lẹ́rù lọ ni."

"Mo ti dúpẹ́, mà. Ọpẹ́ ni mo ní fún yín, mi ò lè fi ajá mi kún un."

Ọkọ mi fà mí lọ sí kíṣìnnì. "Jọ̀ọ́, fọwọ́ wọ́nú. Fún un fún ìṣẹ́jú kan péré. Bí wọ́n bá ti lọ, ká gbà á lẹ́nu ẹ̀. Àbí o fẹ́ kí wọ́n gba ìsọ̀ lọ́wọ́ ẹ ni?"

"Ìṣẹ́jú kan náà ló fi gbé rọ́bà mì."

Ẹnu ọ̀rọ̀ yẹn la wà tí a gbọ́ fíìn ní pálọ̀. Ẹ̀gbọ́n ti ju pẹ́pẹ́yẹ sílẹ̀ fún un. Kí n tó sáré débẹ̀, Alágbára ti ya ikùn pẹ́pẹ́yẹ náà, òwú ti kún ilẹ̀, fèrè sì ti wà lẹ́nu rẹ̀. Mo ki ìka méjì bọ̀ ọ́ lẹ́nu, àwọn ìka tí mo fi ń di abẹ́rẹ́ mú gan-an. Ó gé mi jẹ. Mi ò fi sílẹ̀ títí mo fi yọ fèrè náà. Ẹ̀jẹ̀ ń kán sí kápẹ́ẹ̀tì.

"Ẹ jáde nílé mi!" mo pariwo.

Ẹ̀gbọ́n mú báàgì wọn, wọ́n jáde.

Láàárọ̀ ọjọ́ kejì, ọkọ mi ní kí n lọ bẹ̀ wọ́n. Mo lọ. Mo kúnlẹ̀ ní pálọ̀ wọn.

"Ẹ̀gbọ́n, ẹ foríjì mí. Kò yẹ kí n lé yín jáde. Ẹnu mi ni mo wá bẹ̀bẹ̀ fún."

"Pẹ́pẹ́yẹ mi dà?"

"Mo ti fi sísọ́ọ̀sì gé e wẹ́wẹ́, mo ti dà á nù."

"O ò sì kábàámọ̀?"

"Ti ẹnu mi, mo kábàámọ̀. Ti ọwọ́ mi, rárá, mà. Bó bá tún ṣẹlẹ̀ lónìí, màá tún ki ìka bọ̀ ọ́ lẹ́nu."

"Kọ́kọ́rọ́ ìsọ̀ mi ńkọ́?"

Ó ti wà lọ́wọ́ mi láti ilé. Mo gbé e ka orí tábìlì. Wọ́n wo ọwọ́ mi tí mo fi báńdéèjì dì, wọ́n mú kọ́kọ́rọ́ náà, wọ́n jù ú sínú báàgì wọn. Ó dùn mí o, mi ò ní purọ́. Mo sunkún dé ìdajì ọ̀nà.

Pálọ̀ wa ni mo ti ń ránṣọ báyìí. Ẹ̀rọ mi ti gba àyè àga ńlá, orí àpótí ni ọkọ mi ń jókòó sí, ó ń kùn. Alágbára ń sùn lẹ́gbẹ̀ẹ́ ẹsẹ̀ mi, eyín rẹ̀ pé, ìfun rẹ̀ pé. Ẹni tó bá fẹ́ ránṣọ, kó wá bá wa níbẹ̀.