Ta Ni Yóò Gbe Orin fún Tádéò?

Ọjọ́ Ẹtì kan nínú ààwẹ̀ Lẹ́ńtì ni Tádéò kú, inú mi sì dùn. Ẹ má wulẹ̀ wò mí bẹ́ẹ̀. Ó mutí yó, ó wa ọkọ̀ ìpẹja kọ lu àpáta, Giljun ọmọ ẹ̀gbọ́n mi bá omi lọ, òun lúwẹ̀ẹ́ gúnlẹ̀. Ó ṣẹ̀wọ̀n dé, kò yalé wa rí láti wá bẹ̀bẹ̀, ọtí ló tún gbájú mọ́ títí ẹ̀dọ̀ rẹ̀ fi bàjẹ́. Kí ni kí n wá sunkún sí?

Ní erékùṣù wa, a kì í fi òkú ọmọ ìjọ sílẹ̀ láìkọrin. A ó jókòó níwájú àwòrán rẹ̀, a ó pín sí méjì, apá kan á dá orin, apá kejì á gbè é, bẹ́ẹ̀ la ó ṣe títí wọn yóò fi gbé e lọ. Ẹnì kan ṣoṣo kò lè kọ ọ́. Rejína ẹ̀gbọ́n mi, ìyá Giljun, ló sì máa ń dá orin náà.

Láti Ọjọ́rú Eléérú ló ti ní òun fẹ́ sún mọ́ Ọlọ́run lọ́dún yìí. Ó pa kọfí tì, kọfí tó fẹ́ràn ju oúnjẹ lọ. Lójoojúmọ́ ló ń rin Ọ̀nà Àgbélébùú nínú ṣọ́ọ̀ṣì tútù yẹn títí orúnkún rẹ̀ fi wú. Síbẹ̀, ó sọ fún mi pé ṣe ló dà bí ẹni tó ń kanlẹ̀kùn ilé tí wọ́n ti kó kúrò.

Atẹ́gùn kò jẹ́ kí ọkọ̀ gbé Fadá dé. Àwọn akọrin náà sì bẹ̀rẹ̀ àwáwí: ìbàdí ń dun ti ibí, ti ọ̀hún fẹ́ sá ewé òkun sóòrùn. Gbogbo wọn ló ń sọ pé nítorí Rejína làwọn kò fi lọ. Ìgbà tí mo dé ilé Rejína, ó ti da ìborí funfun rẹ̀ borí.

"Ẹ̀gbọ́n mi, ibo lẹ̀ ń lọ?"

"Ilé Tádéò."

"Ṣé ara yín yá ṣá? Ẹni tó pa Giljun!"

"Chilsu, mo mọ ẹni tó pa ọmọ mi. O ò ní láti rán mi létí."

"Ẹ jẹ́ kí ìyá rẹ̀ dá a kọ."

"Ta ló máa gbè é?"

"Kí èṣù gbè é!"

"Ó dáa. Lọ tún àwọ̀n ẹ ṣe."

Mo tẹ̀ lé e, ṣùgbọ́n n kò wọlé. Ẹnu ọ̀nà ni mo jókòó sí, n kò tilẹ̀ bọ́ bàtà mi.

Arúgbó ìyá Tádéò nìkan ló wà níwájú àwòrán ọmọ rẹ̀. Ó ti se ìkòkò ọbẹ̀ ńlá de àwọn àlejò, kò fi ẹran sí i nítorí ọjọ́ Ẹtì, kò sì sẹ́ni tó bù ú. Bó ṣe rí ẹ̀gbọ́n mi, ó dojú bolẹ̀. Ẹ̀gbọ́n mi kò gbé e dìde. Ó jókòó sí òdìkejì, ó ní, "Ẹ ṣíwèé yín, màmá."

Wọ́n kọ Sáàmù tó ń ké pe Olúwa láti inú ibú. Wọ́n wá dé ibi tí a ti ń dárúkọ òkú. Ẹ̀gbọ́n mi ní:

"Olúwa, gba ẹ̀mí Giljun."

Ẹnu rẹ̀ ló ṣì í, nítorí orúkọ yẹn ló ń pè níbẹ̀ lójoojúmọ́ nílé. Mo dìde. Mo rò pé arúgbó náà yóò pariwo.

"Olúwa, gba ẹ̀mí Giljun," ló gbè é.

Ẹ̀gbọ́n mi tún pe Giljun. Lọ́tẹ̀ yìí, ó mọ̀-ọ́n-mọ̀ ni. Arúgbó náà tún gbè é, bẹ́ẹ̀ òkú ọmọ tirẹ̀ wà lẹ́yìn aṣọ ìkélé, títí ẹ̀bẹ̀ náà fi parí, wọn kò pe Tádéò lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo.

"Kí ló dé tẹ́ ò dá mi dúró?" ẹ̀gbọ́n mi bi í.

"Ṣé èmi ló yẹ kó dá yín dúró? Nígbà tẹ́ ẹ̀ ń kọrin fún Giljun, ẹ̀yìn ògiri yín ni mo wà. Ojú ń tì mí, mi ò lè wọlé. Mo ń gbè é lábẹ́nu."

Lẹ́yìn náà ni mo gbọ́ tí ẹ̀gbọ́n mi ṣí ìwé padà sí ìbẹ̀rẹ̀ ẹ̀bẹ̀ náà.

"Olúwa, gba ẹ̀mí Tádéò."

Mo fọwọ́ dí etí. Mo gbọ́ ọ náà ni.

Lójú ọ̀nà ilé, mo bi ẹ̀gbọ́n mi bóyá ó ti dárí ji Tádéò nìyẹn.

"Rárá."

"Ọlọ́run tẹ́ ẹ̀ ń wá ńkọ́?"

"Mo bá a níbẹ̀. Ibẹ̀ gan-an ni mi ò fẹ́ bá a." Ó fi ìborí nu imú. "Ọ̀la ni wọ́n máa sin ín, Chilsu. Àwọn tó máa gbé pósí ò pé."

Ó ti mọ̀ pé n ó lọ gbé e, ohun tó sì ń bí mi nínú nìyẹn.