Ọjọ́ Tí Àdàbà Ṣígun

Ẹni tí Olúwa bá fún ní ìyàwó jẹ́ẹ́jẹ́ ti gba ẹ̀bùn tí kò ṣeé fi owó rà, ṣùgbọ́n kí onítọ̀hún má ṣe sọ ẹ̀bùn di ohun ìjókòó. Awọnlẹ̀ kan wà tó gba irú ẹ̀bùn yìí. Iṣẹ́ rẹ̀ ni kó máa ta okùn sórí ilẹ̀ onílẹ̀, kó máa ri òpó mọ́lẹ̀, kó máa sọ fún kálukú ibi tí tirẹ̀ parí sí. Nílé, kò sẹ́ni tó ń sọ fún òun náà ibi tí tirẹ̀ parí sí.

Aránṣọ ni ìyàwó rẹ̀. Yàrá iwájú ilé wọn ni ṣọ́ọ̀bù rẹ̀: máṣíìnì mẹ́ta, tábìlì gígùn tí wọ́n ń gé aṣọ lé, dígí kan tó ga ju ènìyàn lọ, àti òórùn áyọ́ọ̀nù gbígbóná tí kì í kúrò lára kọ́tìnnì. Àwọn oníbàárà rẹ̀ kì í tètè lọ. Ẹlòmíràn á wá wọn aṣọ, á jókòó, á máa ro ẹjọ́ ọkọ rẹ̀ títí oòrùn á fi wọ̀. Obìnrin náà kì í dá sí i. Á fi ètè mú abẹ́rẹ́ dání, á máa mi orí. Nítorí èyí ni ọkọ rẹ̀ ṣe ń pè é ní Àdàbà. Ohunkóhun tó bá sọ fún un, ìdáhùn kan ṣoṣo ni: "Ó dáa, olówó orí mi."

Ní ọjọ́ Ẹtì, awọnlẹ̀ fi ẹ̀rín wọlé. Ọ̀gá rẹ̀ fẹ́ gbé e lọ sí ẹ̀ka iṣẹ́ kan tó jìn réré, níbi tí yóò ti di olórí.

"Mo ti sọ fún wọn pé a ń bọ̀," ló wí, ó ń bọ́ bàtà lọ́wọ́. "Ọjọ́ Ajé ni wọ́n máa fi orúkọ mi ránṣẹ́. Bá mi dúpẹ́ lọ́wọ́ Olúwa."

Àdàbà wo máṣíìnì rẹ̀ mẹ́tẹ̀ẹ̀ta. "Ó dáa," ló wí. Kò fi olówó orí kún un. Ọkọ kò sì fura pé ọ̀rọ̀ ṣẹ́kù.

Lọ́jọ́ kejì, nígbà tí oníbàárà tó kẹ́yìn ti lọ, wọ́n jókòó ti eré ogun wọn. Orí kọ̀ǹpútà ni wọ́n ti ń ṣe é, ṣùgbọ́n bí ayò ló rí: ẹnì kan kì í ta lẹ́ẹ̀mejì tẹ̀léra. Tó bá kàn ọ́, wàá kó ọmọ ogun rẹ síbi tó wù ọ́, wàá kọ́ ohun tó o fẹ́ kọ́, wàá tẹ bọ́tìnì, wàá dìde, ẹnì kejì á jókòó. Òfin ilé wọn ni pé ẹni tí kò bá kàn gbọ́dọ̀ kọjú sí ògiri, kó má baà yọjú wo àṣírí. Ọkọ ló ni àwọn ìlú aláwọ̀ búlúù, ìyàwó ló ni àwọn pupa. Wọ́n ti bá ara wọn dá májẹ̀mú: pupa á máa dáko, á máa fi ọkà ránṣẹ́ sí búlúù, búlúù á máa kó ọmọ ogun jọ, á máa ṣọ́ ilẹ̀ méjèèjì. Ta ló dá a lábàá? Ọkọ ni. Kí ni ìyàwó fi dáhùn? Ẹ̀yin náà mọ̀ ọ́n.

Ẹ̀gbọ́n ọkọ lóbìnrin wà níbẹ̀ lọ́jọ́ náà. Ó wá gba aṣọ rẹ̀ tí ìyàwó bá a tú ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ kó lè gbà á. Ó jókòó sórí àpótí, ó ń bó ọsàn. Ẹnu rẹ̀ dùn bí oyin, ó sì mú bí abẹ.

"Àbúrò mi, ṣé o ò tíì dàgbà kúrò nídìí eré ni?"

"Ogun ni, ẹ̀gbọ́n mi. Kì í ṣe eré."

"Ogun! Ìwọ tí aáyán lé kúrò ní balùwẹ̀ nílé bàbá wa!"

Awọnlẹ̀ rẹ́rìn-ín, ó tẹjú mọ́ kọ̀ǹpútà. Ohun kan ti ń yọ ọ́ lẹ́nu. Ìlú pupa kékeré kan wà létí odò, ó há sáàárín ìlú búlúù méjì, ó sì mú kí ààlà rí wọ́gọwọ̀gọ. Ta ni kò mọ̀ pé ojú awọnlẹ̀ kò gba ààlà tó wọ́? Ó rán ẹlẹ́ṣin díẹ̀ lọ. Ìlú náà kò ní odi. Ó gbà á.

"Àdàbà, mo mú ìlú kékeré kan lọ́wọ́ ẹ o. Kí ààlà lè gún ni. Ṣebí tiwa náà ni gbogbo ẹ̀."

Ìyàwó kọjú sí ògiri. "Ó dáa."

Ẹ̀gbọ́n ju èèpo ọsàn sílẹ̀, ó fi ohùn ẹ̀fẹ̀ ki àbúrò rẹ̀:

"Ọmọ a-ṣílẹ̀kùn-má-kàn,
Ọmọ ẹkùn tó yan lọ́sàn-án gangan
Tí ewúrẹ́ gbàgbé ọ̀nà ilé.
Ó wọlé ẹ̀rù, ó bá ẹ̀rù tàkúrọ̀sọ!"

Awọnlẹ̀ na àyà, ó tẹ bọ́tìnì, ó dìde.

Bí ìyàwó bá jókòó, kì í pẹ́. Kó o tó wúkọ́, ó ti tán. Lọ́jọ́ yìí, ó pẹ́. Ọkọ kọjú sí ògiri, ó ń gbọ́ bí máòsì ṣe ń dún, tíkí, tíkí, láìsinmi. Lójijì, ẹ̀gbọ́n pariwo.

"Yéè! Ìyàwó wa!"

"Kí ló dé?" Awọnlẹ̀ fẹ́ yíjú padà.

"Kọjú sí ògiri, jàre!"

Nígbà tó jókòó, ohun tó kọ́kọ́ rí ni pé ọkà kò dé. Kò sí ẹyọ kan. Òun kò sì ní oko kankan, ọmọ ogun nìkan ló ń kó jọ láti ìbẹ̀rẹ̀. Àwọn ẹlẹ́ṣin rẹ̀ ti ń sá padà lọ sílé nítorí ebi. Ìlú etí odò ti padà di pupa. Èyí tó wà lápá ọ̀tún rẹ̀, tó jẹ́ ti búlúù láti ọjọ́ àkọ́kọ́, ti di pupa pẹ̀lú. Láti inú igbó, àwọn tafàtafà ń tú jáde bí oyin.

"Níbo lo ti rí ọmọ ogun?"

"Àjákù ni," ni Àdàbà wí. "Bí mo ṣe máa ń kó àjákù aṣọ jọ. Gbogbo ìgbà tó bá kàn mí, mo máa ń fi díẹ̀ pamọ́ sínú igbó."

"A dá májẹ̀mú!"

"A dá a. Ta ló kọ́kọ́ fà á ya?"

Awọnlẹ̀ sáré dá oko, ṣùgbọ́n ọkà kì í hù lójú ẹsẹ̀. Ó kọjú sí ògiri, ó yíjú padà, ìlú kan ti lọ. Ó tún kọjú síbẹ̀, òmíràn tún ti lọ. Jésù! Ṣé obìnrin tó ń bá òun jẹun lórí tábìlì kan náà nìyí? Ẹ̀gbọ́n ti gbàgbé ọsàn rẹ̀. Oríkì ti yí padà:

"Àdàbà tó ń jẹ̀ lẹ́bàá ọ̀nà,
Wọ́n ní kò léèékánná, wọ́n ní kò lẹ́nu ìjà,
Àṣé abẹ́ ìyẹ́ ló fi idà pamọ́ sí!
Ẹ yà fún un, ẹ má ṣe fẹsẹ̀ kọ ọ́!"

Nígbà tó yá, olú ìlú nìkan ló kù fún awọnlẹ̀. Pupa ti yí odi ká. Àdàbà ló kàn. Tó bá tẹ máòsì lẹ́ẹ̀kan péré, ogun á parí. Ṣùgbọ́n ó gbé ọwọ́ kúrò lórí máòsì.

"Ẹ yíjú síbí," ló wí.

Ọkọ yíjú. Kò rí ìbínú lójú rẹ̀, èyí ló sì dẹ́rù bà á jù. Ńṣe ló ń ṣa fọ́nrán òwú kúrò lápá aṣọ rẹ̀.

"Ẹ ò bi mí léèrè."

"Nítorí ìlú kékeré yẹn? Ohun tó wà nínú kọ̀ǹpútà?"

"Ẹ ti sọ fún wọn pé a ń bọ̀. Ṣọ́ọ̀bù mi ńkọ́? Àwọn oníbàárà tí mo fi ọdún àti ọdún kó jọ ńkọ́? Ẹ gbà á mọ́ mi lọ́wọ́ bí ẹ ṣe gba ìlú tí kò ní odi."

"O sọ pé ó dáa!"

"Mo ti ń sọ ọ́ látọjọ́ tí ẹ ti fẹ́ mi. Ẹ ò béèrè rí, ọjọ́ kan, pé ṣé ó dáa lóòótọ́."

Awọnlẹ̀ wo ẹ̀gbọ́n rẹ̀, bóyá ẹ̀jẹ̀ ilé bàbá wọn á gbèjà òun. Ẹ̀gbọ́n ti ń ká aṣọ rẹ̀ sínú àpò.

"Má wojú mi," ló wí. "Ẹni tó ń fi okùn la ìjà ààlà fún gbogbo ayé, tó wá ki ẹsẹ̀ bọ oko ìyàwó ẹ̀. Olúwa á là ọ́ lójú. Ìyàwó wa, ó dàbọ̀." Ó jáde, ó ti ilẹ̀kùn.

"Ṣé o ò fẹ́ ká lọ ni?" ni awọnlẹ̀ béèrè. Ohùn rẹ̀ ti wálẹ̀.

"Bí ẹ bá bi mí lọ́jọ́ Ẹtì, ǹ bá lọ."

Èyí dùn ún ju gbogbo ìlú tó pàdánù. Ó rọra fi ọwọ́ di etí tábìlì mú. "O máa lọ?"

"Tayọ̀tayọ̀. Ṣọ́ọ̀bù yìí ti kéré fún mi. Ǹ bá ti di ẹrù máṣíìnì mi."

"Nísinsìnyí ńkọ́?"

"Nísinsìnyí, mi ò mọ̀. Ẹ kọ́kọ́ lọ gba ọ̀rọ̀ tí ẹ fi ẹnu mi sọ padà."

Awọnlẹ̀ fa fóònù yọ. Ọ̀gá rẹ̀ gbé e kíá.

"Olórí tuntun! Ṣé àlàáfíà ni?"

"Àlàáfíà ni, sà. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má tíì fi orúkọ mi ránṣẹ́."

"Kí ló ṣẹlẹ̀? O sọ fún mi pé ìyàwó ẹ ti gbà."

Awọnlẹ̀ yíjú sí ìyàwó rẹ̀. Àdàbà ń wò ó. "Irọ́ ni mo pa, sà. Mi ò bi í."

Ọ̀gá mí kanlẹ̀. "Mo lè dúró dè ọ́ di ọ̀sán ọjọ́ Ajé. Tó bá kọjá bẹ́ẹ̀, ẹlòmíràn wà nílẹ̀ tó ń bẹ̀ mí." Ó pa fóònù.

Awọnlẹ̀ gbé fóònù sáàárín àwọn abẹ́rẹ́ orí tábìlì. "Ó ní di ọ̀sán ọjọ́ Ajé."

"Mo gbọ́." Àdàbà fi ẹsẹ̀ ti àpótí tí ẹ̀gbọ́n dìde lórí ẹ̀ sí i. "Ẹ jókòó. Ilé tí wọ́n fẹ́ fún wa níbẹ̀, níbo ni mo ti máa ránṣọ nínú ẹ̀?"

Awọnlẹ̀ la ẹnu láti dáhùn. Ó mọ bí ibẹ̀ ṣe jìn tó. Ó mọ iye yàrá tó wà nílé náà, ó mọ yàrá tí òun fẹ́ fi ṣe ọ́fíìsì, ó tilẹ̀ mọ ibi tí òun máa gbé kọ̀ǹpútà sí. Ó wo ojú ìyàwó rẹ̀, ó wo ilẹ̀.

Olúwa ṣàánú. Kò tilẹ̀ rò ó rí.